Orúkọ Tí Fóònù Ní Kí N Pè

Ọkùnrin tí mo fẹ́ ròyìn rẹ̀ yìí, n kò ní í dárúkọ rẹ̀ fún yín. Kì í ṣe pé mo gbàgbé orúkọ ọ̀hún. Àbúrò ọkọ mi ni, ó sì ti dáyé kí wọ́n tó gbé mi níyàwó wá sí abúlé wa lẹ́bàá Lálúpọn. Ìyàwó kì í pe orúkọ ẹni tó bá bá nílé ọkọ, ì báà ṣe ọmọ tí kò tíì hu eyín. Ọkọ ni gbogbo wọn. Bí ó bá pa yín lẹ́rìn-ín, ẹ rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn.

Omi tí wọ́n dà sí mi lẹ́sẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kò tíì gbẹ tí ìyá ọkọ mi fi gbé e lé mi lẹ́yìn. "Ìyàwó, ọkọ rẹ rèé, pọ̀n ọ́n." Mo pọ̀n ọ́n. Kò pẹ́ tó fi tọ̀ sí mi lára, aṣọ ìyàwó tuntun rin gbindin. Mo ní, "Ọkọ mi, ẹ ṣeun." Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín.

Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé, tó ń fi síléètì há abíyá, mo sọ ọ́ ní Akọ̀wé. Akọ̀wé náà ló ń jẹ́ lẹ́nu mi títí di òní. Mùjíbátù, ìyàwó tí olóògbé ọkọ mi fẹ́ lé mi, òun náà bá a nílé, ó sì ń pè é ní Adúmáadán. Àwọn ará ìta ń pè é ní Tíṣà, nítorí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ló fi kọ́ àwọn ọmọ títí tó fi fẹ̀yìn tì. Ìyàwó rẹ̀ ti di olóògbé. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo, Kifayah, ló bí fún un, ọwọ́ mi sì ni Kifayah ti dàgbà.

Akọ̀wé kì í dákẹ́. Láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì ló ti gbé àga sábẹ́ igi máńgòrò iwájú ilé, tí fóònù ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀, tí wáyà sólà ń bọ̀ láti orí òrùlé wá bá a. Kò sí ohun tí ń bẹ láyé tí kì í dá ẹjọ́ rẹ̀ níbẹ̀.

Ó dá ẹjọ́ fóònù. Ó ní fóònù ayé ìsinsìnyí, àwo tánganran ni. Ó dára lójú, ṣùgbọ́n kí ó má ṣe bọ́ lọ́wọ́ ẹni. Ó ní àwọn tó ń ṣe é mọ̀ọ́mọ̀ ń ṣe é kó tètè bàjẹ́ ni, kí a lè tún padà wá rà á. Fóònù onítọ́ọ̀ṣì tí a kọ́kọ́ lò, ó ní ìyẹn nìkan ni olóòótọ́ nínú gbogbo wọn. Mo fetí sílẹ̀, mo gbà. Ṣùgbọ́n fóònù tó fẹ̀ bí ọpọ́n ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó ń sọ ọ́, bí èyí bá sì gbó, òmíràn tó tún fẹ̀ jù ú lọ ló máa ń rà. Mo bi Mùjíbátù léèrè ohun tó ń dà á láàmú. Mùjíbátù ní, "Ìyáálé mi, ṣé ẹ ò mọ̀ pé ẹni tó fẹ́ràn ìyàwó rẹ̀ ló ń bú u?" Èyí náà ò yé mi.

Ó dá ẹjọ́ géèmù. Ó ní àwọn ọmọ tó ń ta géèmù lórí fóònù, ọpọlọ wọn ti ń dà bí ẹ̀kọ tó jìn sómi. Ó ní ayò ni bàbá gbogbo eré, nítorí bí o bá ń ta ayò, ojú ẹni tó ń jẹ ọ́ lò ń wò. Lọ́jọ́ kan mo gbé oúnjẹ lọ bá a, mo bá a tó tẹjú mọ́ fóònù, tó ń to àwọn èso pupa àti èso àwọ̀ ewé kan síra wọn, tí nǹkan ń dún tín-ín, tín-ín.

Mo ní, "Akọ̀wé, ṣé kì í ṣe géèmù rèé?"

Kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Rárá, ìyàwó mi. Ìwádìí ni mò ń ṣe."

Èyí tó wá dá mi lágara jù ni ti òṣùpá. Abẹ́ òṣùpá ni wọ́n ti tọ́ èmi dàgbà. Abẹ́ rẹ̀ ni ìyá bàbá mi ti pa gbogbo àlọ́ tí mo mọ̀ fún mi. Akọ̀wé wá ní òṣùpá kò ní ìmọ́lẹ̀ kankan tirẹ̀, ó ní ìmọ́lẹ̀ oòrùn ló yá lò, pé àpáta lásán ni, pé àwọn òyìnbó ti fi ẹsẹ̀ rìn lórí rẹ̀.

Mo ní, "Wọ́n rìn lórí rẹ̀, àwa tí a jókòó sábẹ́ rẹ̀ kò gbọ́ gìrìgìrì ẹsẹ̀ wọn?"

"Ó jìnnà, ìyàwó."

"Kò jìnnà. Èmi rèé, mo ń rí i. N kò rí Ìbàdàn láti ibi tí mo jókòó sí yìí."

Ó rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀. Èmi kò rẹ́rìn-ín, nítorí ọ̀rọ̀ kan ti dé sí mi lọ́kàn. Wọ́n kì í pa àlọ́ lọ́sàn-án, èèwọ̀ ni. Bí ó bá wá jẹ́ pé ìmọ́lẹ̀ oòrùn náà ló wà lára òṣùpá, ṣé ọ̀sán ni wọ́n ti ń pa àlọ́ fún wa láti ọjọ́ yìí wá? Mo bi í. Ó ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ní báwo ló ṣe jẹ́ nígbà náà. Ó ní kí n jẹ́ kí òun ronú sí i. Ó ṣì ń ronú.

Láràárọ̀, Akọ̀wé á gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀ sínú fóònù, á fi ránṣẹ́ sí gbogbo ayé. Àgbéyẹ̀wò Tíṣà ló ń pè é. Àwọn kan á kí i, àwọn kan á bú u. Ó máa ń ka èébú wọn sí wa létí tayọ̀tayọ̀. "Ẹ gbọ́ èyí: 'Bàbá arúgbó, ẹ lọ sùn.' Ẹni tó bú mi ti gbọ́ mi nìyẹn!" Kò yé mi bí ènìyàn ṣe lè jókòó sílé ara rẹ̀ kí ó máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ wá èébú kiri.

Nínú gbogbo ẹjọ́ tó ń dá, èyí tó fẹ́ràn jù ni ti ìtàn, nínú ìtàn sì rèé, ogun Ìjàyè. A mọ̀ pé Ìbàdàn ló fọ́ Ìjàyè láyé àtijọ́. Akọ̀wé ní Ìbàdàn kò jẹ̀bi rárá, ó ní ìlú tó bá fẹ́ dúró gbọ́dọ̀ ti èkejì ṣubú. Ó ní àwọn ọmọdé orí fóònù tó ń sunkún Ìjàyè kò ka ìwé. Ó sọ ọ́ lábẹ́ máńgòrò, ó sọ ọ́ sínú Àgbéyẹ̀wò, kò sẹ́ni tó dí i lọ́wọ́. Àfi ìgbà tí Kifayah rí ọkọ. Nínú gbogbo ìlú tí Ọlọ́run dá, ọmọ Ìjàyè ni ó lọ rí. Safwan ni orúkọ rẹ̀, ọmọ tó ní sùúrù, tó máa ń dọ̀bálẹ̀ gbalaja kí mi.

Kifayah, tó ń ránṣọ ní Ìbàdàn, wá sílé, ó kúnlẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀. Ó ní kí ó jọ̀ọ́, kí ó yọ ọ̀rọ̀ Ìjàyè yẹn kúrò lórí fóònù, pé àwọn òbí Safwan ti gbọ́ ọ, pé inú wọn kò dùn. Akọ̀wé gbaná jẹ. Ó ní ọmọ tí òun bí kò lè kọ́ òun ní ìtàn. Láti ọjọ́ náà, bí Kifayah bá pè é, kò ní í gbé e.

Mo gbàgbé láti sọ pé èmi náà ní fóònù. Akọ̀wé ló rà á fún mi. Ó ní ti ẹni tí kò mọ̀wé ni, ó ń gbọ́ Yorùbá. Bọ́tìnnì gbàǹgbà kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bí mo bá ti tẹ̀ ẹ́, tí mo ní, "Pe Kifayah," obìnrin kan nínú rẹ̀ á ní, "Ó dáa, mò ń pe Kifayah." Akọ̀wé fúnra rẹ̀ ló kó orúkọ gbogbo ènìyàn sínú rẹ̀. Ó sì kìlọ̀ fún mi: "Ìyàwó, ẹ ṣọ́ra o. Ohun tí ẹ bá sọ fún nǹkan yìí kò sọnù. Ibì kan wà lókè òkun tí wọ́n ń kó o jọ sí, tí àwọn ènìyàn ti ń gbọ́ ọ." Ó ní òfófó ni. Ó sì tún ra òfófó ọ̀hún fún mi.

Bàbá àgbà Safwan wá ṣaláìsí. Wọ́n dá ọjọ́ fídáù rẹ̀ ní Ìjàyè, Akọ̀wé sì ní àna kì í gbọ́ irú rẹ̀ kó jókòó sílé. Bí a ti kírun àsùbáà tán ló wọ agbádá, ó ní òun ń lọ bá àwọn àna òun dárò. Inú mi dùn. Mo ní ara rẹ̀ ti balẹ̀. Mo ní, "Ẹ lọ ire, ẹ bọ̀ ire, ọkọ mi."

Oòrùn ti ràn dáadáa tí fóònù mi fi dún. Kifayah ni, ẹkún ló ń sun.

"Ìyá, ṣé ẹ ti gbọ́ ohun tí Bàbá mi gbé jáde láàárọ̀ yìí?"

Mo ní n kò gbọ́ nǹkan kan. Ó ní kí n fetí sílẹ̀, ó sì gbé fóònù kan sẹ́nu fóònù kejì. Ohùn Akọ̀wé ni mo gbọ́: "Lónìí, Tíṣà ń lọ sí Ìjàyè. Bí wọ́n bá gbé máìkì fún mi, n ó sọ òótọ́ ogun náà fún wọn lójú ara wọn. Òótọ́ ni ẹ̀bùn tó dára jù tí ènìyàn lè fún òkú."

Mo ní, "Yéè! Níbi fídáù?"

"Níbi fídáù, Ìyá! Bàbá Safwan ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ díẹ̀ ni. Wọ́n ní bí Bàbá mi bá tún fi ìlú àwọn ṣe yẹ̀yẹ́, àwọn ò fẹ́ ìgbéyàwó yìí mọ́. Bí Bàbá mi bá sọ ọ́ lórí òkú bàbá wọn, ó ti tán nìyẹn. Mo pe Bàbá mi, wọn ò gbé e. Mo kọ̀wé ránṣẹ́, wọn ò kà á. Safwan ń gbàlejò, ó ti pa fóònù rẹ̀. Ẹ̀yin nìkan ni wọ́n lè dá lóhùn. Ẹ pè wọ́n, ẹ jọ̀ọ́, kí wọ́n tó gbé máìkì."

Mo ní kó nu ojú rẹ̀ nù. Mo ní ọ̀rọ̀ tán.

Ọ̀rọ̀ kò tán. Mo tẹ bọ́tìnnì. Mo ní, "Pe Akọ̀wé."

Obìnrin inú fóònù ní, "N kò rí Akọ̀wé. Ẹ jọ̀ọ́, orúkọ ta ni ẹ fẹ́ kí n pè?"

Ìgbà náà ni mo tó rántí pé n kò pè é rí. Kí ni mo fẹ́ pè é fún? Ẹni tó ń bẹ lábẹ́ máńgòrò iwájú ilé! Bí ó bá sì rìnrìn àjò, òun ló máa ń pè mí. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Mo ní, "Akọ̀wé, àbúrò ọkọ mi, ẹni tó rà ọ́." Ó ní òun kò rí i.

Mo ké sí Mùjíbátù, àwa méjèèjì nìkan la wà nílé. Gbogbo àwọn yòókù ti kó lọ sí ìdí ẹ̀rọ gàrí, ariwo ẹ̀rọ kò sì ní í jẹ́ kí wọ́n gbọ́ fóònù. Mo rò fún un. Ó gba fóònù, ó fi sẹ́nu bí ẹní fẹ́ fọn fèrè, ó ní, "Pe Adúmáadán!"

"N kò rí Adúmáadán."

Mùjíbátù ní, "Ìyáálé mi, ẹ jẹ́ kí n kì í. Kò sí ọkùnrin tí wọ́n kì tí kì í dáhùn." Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí kì í: Àkànní, ọmọ báyìí, ọmọ báyìí, ó na ọrùn, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Fóònù dákẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà orin bẹ́ jáde nínú rẹ̀, ìlù ń dún kíkankíkan.

Mo ní, "Kí lo sọ fún un?"

"N kò sọ nǹkan kan! Bóyá inú rẹ̀ ló dùn."

A lu fóònù títí, ó dákẹ́.  Mo wá rántí pé ẹnu àwọn ará ìta ni ó yẹ kí n yá. Mo ní, "Pe Bàbá Kifayah." Obìnrin náà ní, "Ó dáa!" Mo ní Alhamudulilai. Ẹni tó gbé e ní, "Ìyá, ṣé wọ́n ti gbọ́?"

"Ta nìyí?"

"Èmi ni, Kifayah!"

"Ìwọ kọ́ ni mo pè, bàbá rẹ ni mo ní kó pè."

"Ìyá, orúkọ tí Bàbá mi kọ síbẹ̀, orúkọ wọn gan-an ni. Ẹ ṣáà pe orúkọ wọn."

"Kí n pe orúkọ ọkọ mi?"

"Fóònù lẹ ń sọ ọ́ fún, Ìyá! Fóònù kì í ṣe ènìyàn."

"Kì í ṣe ènìyàn, ó ń bẹ̀ mí pé 'ẹ jọ̀ọ́'?"

Ẹkún ló tún fi dá mi lóhùn. Ó ní, "Wọn á ti bẹ̀rẹ̀ wáàsí báyìí, Ìyá. Ẹ ràn mí lọ́wọ́."

Mo jókòó sórí àpótí. Mo wo fóònù, fóònù ń wò mí. Akọ̀wé mọ̀ mí láti ìgbà tó ti ń rákòrò. Ó mọ̀ pé n kò pe orúkọ òun rí. Báwo ló ṣe wá kó orúkọ náà fún fóònù tó ní kí n máa fi ẹnu pè? Ìwé tó kà kò sọ fún un pé mo jẹ́ ìyàwó ni? Bí fóònù bá jẹ́ ènìyàn, mo fẹ́ dárúkọ ọkọ mi fún àlejò, kí àlejò sì kó o lọ sókè òkun. Bí kò bá sì í ṣe ènìyàn, kí ló dé tí ẹnu mi kò lè pè é? Mo rántí ìyá ọkọ mi nígbà tó gbé ọmọ náà lé mi lẹ́yìn. Mo rántí Kifayah náà, tí mo pọ̀n sẹ́yìn kan náà nígbà tí ìyá rẹ̀ kú.

Mo bọ́ sílẹ̀ lórí àpótí, mo kúnlẹ̀. Mo fi ìborùn bo orí mi. Mo ní, "Ẹ̀yin ará ilé yìí, ẹ̀yin tó ti lọ, ẹ má bínú. Ọmọ yín náà ni mò ń ṣe é fún."

Mùjíbátù ti mọ ohun tí mo fẹ́ ṣe. Ó fi ìka di etí méjèèjì, ó ní, "N kò sí níbí o! N kò gbọ́ nǹkan kan o!" ó sì dúró síbẹ̀, kò lọ.

Mo tẹ bọ́tìnnì. Mo pe orúkọ náà, ti sàráà ìsọmọlórúkọ, àti ti bàbá rẹ̀ tó tẹ̀ lé e.

"Ó dáa," ni obìnrin náà wí. Kò tilẹ̀ yà á lẹ́nu.

Akọ̀wé gbé e. Ohùn jẹ́jẹ́ ló fi sọ̀rọ̀. Mo ń gbọ́ ohùn ààfáà lẹ́yìn rẹ̀. "Ìyàwó, kí ló dé? Èmi ni wọ́n fẹ́ gbé máìkì fún báyìí."

Mo ní, "Ẹ má sọ ọ́."

"Kí ni?"

"Ọ̀rọ̀ ogun. Ẹ má sọ ọ́, nítorí Kifayah."

Ó mí kanlẹ̀. "Ó ti rán yín. Ìyàwó, ìtàn kì í ṣe àlọ́ tí ẹni tó bá wù ú lè yí ìdí rẹ̀ padà. Bí àwa tí a mọ̀ ọ́n bá dákẹ́, àwọn ọmọ orí fóònù ni yóò..."

"N kò mọ ìtàn, n kò mọ àwọn ọmọ orí fóònù. Kifayah ni mo mọ̀."

Ó tún fẹ́ sọ̀rọ̀, ó dá dúró. "Ẹ dúró ná. Ta ló bá yín pè mí? Ta ló wà nílé?"

"Èmi àti Mùjíbátù."

"Ta ló wá sọ fún fóònù pé..."

 Mo gbọ́ tí àwọn ènìyàn ṣe àmín. Wọ́n tún ṣe àmín.

Ó ní, "Ẹ pè é?"

Mo ní, "Mo pè é."

"Gbogbo rẹ̀?"

"Gbogbo rẹ̀."

Fóònù bá dákẹ́. N kò mọ̀ bóyá òun ló pa á, tàbí nẹ́tíwọ̀kì ló lọ. N kò mọ̀ bóyá ó bínú. Mo béèrè lọ́wọ́ Mùjíbátù ohun tó rò; ó ní báwo ni òun ṣe fẹ́ mọ̀, ṣé òun kọ́ lẹni tó ti ìka bọ etí? A jókòó bẹ́ẹ̀, a kò lè bó àgbàdo tí a fẹ́ bó.

Ọ̀sán ti yẹ̀ kí Kifayah tó pè. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. Safwan ti pè é. Ó ní wọ́n gbé máìkì fún Tíṣà, ó dìde, ó dákẹ́ títí àwọn ènìyàn fi bẹ̀rẹ̀ sí wo ojú ara wọn. Ó wá ní kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún bàbá, kí ó sì mú kí àwọn ọmọ tó fẹ́ so ilé méjèèjì pọ̀ ṣe oríire. Ó jókòó. Bàbá Safwan tẹ̀ sí ọmọ rẹ̀ létí, ó ní, "Ṣé Tíṣà orí fóònù yẹn náà rèé?" Lẹ́yìn oúnjẹ, wọ́n ní kí àwọn àgbà ilé wa wá kí a jọ mú ọjọ́ yìgì.

Ìrọ̀lẹ́ ni Akọ̀wé wọlé, ó gbé iṣu ńlá tí àwọn àna fún un dání. Kò gba ohùn sílẹ̀. Kò fọwọ́ kan wáyà sólà. Ó wá bá mi ní ìdí ààrò, ó jókòó sórí àpótí mi. N kò lè wo ojú rẹ̀. Mo ń gé iṣu.

 Ó ní, "Bí mo ti ń jáde nílé wọn ni mo ń rò ó. Ìyá mi ti lọ. Bàbá mi ti lọ. Ẹ̀gbọ́n mi, ọkọ yín, ti lọ. Tíṣà ni mò ń jẹ́ níta, Bàbá Kifayah, Akọ̀wé. Kò sí ẹnikẹ́ni láyé mọ́ tó ń pè mí ní orúkọ tí wọ́n sọ mí."

Mo ní, "Ẹ má bínú."

"N kò bínú." Ó yí àpótí rẹ̀ sún mọ́ mi. "Ìyàwó mi, ẹ pè é kí n gbọ́."

Mo wò ó. Àgbàlagbà tó mọ ohun gbogbo, ó mọ orúkọ ara rẹ̀, ó tún fẹ́ kí ẹlòmíràn sọ ọ́ fún òun. Títí di bí mo ti ń sọ ọ́ yìí, n kò mọ ohun tó fẹ́ fi ṣe.

Mo ní, "Fóònù ni mo pè é fún. Ọkọ mi, ẹ jẹ́ kí n se iṣu yín."